Páásíwọọ̀dù Òkun-Tí-Kì-í-Gbẹ

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, torí ẹni tó bá dúró sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín lè gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kan wà ní Iléeṣẹ́ Omi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ti pa orúkọ náà tì. Látọjọ́ tó ti jókòó sórí àga aláwọ kan tó ń yí bìrí, tí òun náà sì máa ń yí bìrí lórí ẹ̀ nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ò tó o mọ́. Ó ní kí gbogbo èèyàn máa pe òun ní Òkun-Tí-Kì-í-Gbẹ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òkun-Tí-Kì-í-Gbẹ ni ọ̀gá àwọn olómi, nínú ìlú tó jẹ́ pé tí o bá yí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà ni yóò sì kẹ́yìn, tí wàá fi gbé korobá rẹ lọ bá aládùúgbò tó ní kànga. Òkun ò gbẹ lóòótọ́. Ẹ̀rọ omi ló gbẹ.

Láràárọ̀, kí Ọ̀gá Àgbà tó wọ ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ni yóò ṣáájú kíkí. Ọkùnrin yìí ti tẹrí ba títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀, tí kì í nà mọ́, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Yóò gbóhùn sókè, yóò ní, "Òkun tí kì í gbẹ, odò tí kì í fà, baba olómi, ẹ ó pẹ́ lórí àga." Àwọn yòókù á gbè é. Bí ẹnì kan bá fo "baba olómi", Ọ̀gá Àgbà á padà sẹ́nu géètì, wọn á tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ikọ́ mú Igbákejì nígbà tó dé ibi "odò". Lọ́jọ́ náà, ọ̀sán ti pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà lábẹ́ gbogbo ariwo yìí, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Àgbà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ímeèlì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú, bi í bóyá kí òun fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ímeèlì ni mo ti ń lò ó." Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó. Láti ìgbà náà, Akọ̀wé ló ń bá a ṣí i, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà, tó ń kà á sí i létí. Ọ̀gá Àgbà á yí bìrí lórí àga, á ní, "Dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ." Akọ̀wé á sì dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Tí Akọ̀wé bá wá bèèrè lííìfù rẹ̀ lọ́dọọdún, pé kí òun lọ wo ọmọ tí ọmọ òun bí, Ọ̀gá Àgbà á ní ìlú ò lè fara dà á. Ìlú kọ́ o. Òun ni kò lè fara dà á.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, àga Mínísítà ṣófo. Ìròyìn sì ti gbalẹ̀ pé Olórí Ìjọba, màmá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń wo Iléeṣẹ́ Omi lójú rere. Wọ́n ní èsì ímeèlì tó ń ti ibẹ̀ wá máa ń mọ́gbọ́n dání, ó máa ń pa màmá lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń là wọ́n lọ́yẹ. Orí Ọ̀gá Àgbà wú. Màmá ní òun ń bọ̀ wá ṣí sáìtì tuntun, èyí tí aráàlú yóò máa gbà tọrọ omi, tí wọn yóò máa gbà fi páìpù tó bẹ́ sùn, tí Ọ̀gá Àgbà yóò sì máa fọwọ́ sí i níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá lọ geere, àga Mínísítà ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí kò bá lọ geere ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rárá.

Wọ́n pe ìpàdé lórí sáìtì náà. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníkọ̀ǹpútà, tí ìpàdé kì í sì í wù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin sà, páásíwọọ̀dù ń yọ aráàlú lẹ́nu. Àwọn kan ń gbàgbé tiwọn. Àwọn tí kò gbàgbé, orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú un kúrò. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ká fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Tó bá ti tẹ líǹkì yẹn, ó ti wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn náà líǹkì ti kú, ẹlòmíì ò lè lò ó."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, "ímeèlì" nìkan ni Ọ̀gá Àgbà gbọ́. Ó rí ara rẹ̀ níwájú Olórí Ìjọba, tí wọ́n ní kó ṣí ímeèlì kó lè wọlé. Òógùn bò ó nínú kóòtù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ẹ̀rù bá ba ẹni ńlá, ohùn rẹ̀ ló máa ń ga. Ó dìde, ó fọwọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àti ẹ̀yin ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ó kà nípa ọjọ́ òní, ẹ fetí sílẹ̀. Ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ṣé ilé nìyẹn?"

"Ilé kọ́ o, sà," ni Igbákejì wí. "Pápá ni."

"Àwọn baba ńlá wa, ṣé wọ́n tẹ líǹkì?"

"Wọn ò tẹ̀ ẹ́, sà. Wọn ò tiẹ̀ wò ó."

Oníkọ̀ǹpútà ní, "Ímeèlì ni kọ́kọ́rọ́ náà, sà. Mi ò ní purọ́, ẹni tó bá jí fóònù èèyàn, tó bá ímeèlì rẹ̀ ní ṣíṣí, yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ṣebí ẹni tó gbàgbé páásíwọọ̀dù, ímeèlì yẹn náà la fi ń bá a ṣe òmíràn. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Kí la wá ń fi méjì ṣe?"

"O ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ," ni Ọ̀gá Àgbà wí, inú rẹ̀ dùn. "Olè lè wọlé. Ó parí. Páásíwọọ̀dù la ó lò, kì í sì í ṣe páásíwọọ̀dù gbẹ̀fẹ́ o. Èyí tó ní ọ̀wọ̀ nínú ni."

Ó wá là á kalẹ̀. Páásíwọọ̀dù kálukú gbọ́dọ̀ fi kíkí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, látorí òkun títí dórí àga. Lẹ́yìn ìyẹn, kí kálukú fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ọjọ́ Ajé bá dé, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíkí. Ẹni tó bá gbàgbé, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ojú fèrèsé iléeṣẹ́, kó mú ẹni méjì dání tí yóò jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa.

Oníkọ̀ǹpútà di orí mú. "Sà, tí gbogbo ìlú bá fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀, olè ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀."

"Olè tó bá kí mi dáadáa, ìwà rẹ̀ ti yí padà," ni Ọ̀gá Àgbà dáhùn. Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Tiyín ńkọ́, sà? Kí lẹ máa fi kún un?"

Ọ̀gá Àgbà wò ó tàánú-tàánú. "Kí ló tún kù tí èèyàn lè fi kún èmi?"

Akọ̀wé jókòó sí igun, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń bá ìkọ̀wé lọ.

Bí wọ́n ṣe gbé páásíwọọ̀dù yìí jáde, kí ọjọ́ tí màmá ń bọ̀ tiẹ̀ tó pé, ojú fèrèsé iléeṣẹ́ kún fọ́fọ́. Àwọn tó gbàgbé wá, wọ́n mú ẹlẹ́rìí méjì-méjì dání. Àwọn ẹlẹ́rìí náà ti gbàgbé tiwọn, àwọn náà sì nílò ẹlẹ́rìí. Ìlà kọjá géètì, ó kọjá ilé oníṣọ̀nà bàtà, ó yí kọ́nà. Onígbàjámọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní omi tó máa fi fọ orí oníbàárà gbé abẹ àti dígí wá síbẹ̀, ó ń gẹ irun àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà á gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, á ju ọwọ́ sí wọn, á sọ fún awakọ̀ pé, "Wo bí ìlú ṣe fẹ́ràn mi tó."

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Nínú àwọn tó tò síbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Àgbà ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Àdúgbò tó ń gbé ò rí omi, kànga tó wà nítòsí sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Orúnkún ń dùn ún. Tó bá gbé korobá gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní lè dìde dáná.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó wá bá àbúrò rẹ̀ nílé. Ó jókòó sórí tìmùtìmù tó rọ̀ jù, ó ń rì.

"Adominù," ó pè é.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré nìyẹn. Tí wọ́n bá rán an lómi, yóò da ìdajì nù lójú ọ̀nà, yóò da ìyókù nù sórí ìloro. Wọ́n lù ú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní ike kékeré, ó ń dà á nù síbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹni yẹn náà ló wá di ọ̀gá gbogbo omi ìlú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Kí wọ́n gbọ́. Omi ò sí ládùúgbò wa. Orúnkún mi ò gbé mi mọ́. Bá mi sọ fún àwọn èèyàn rẹ."

"Orí sáìtì ni wọ́n ń gbà báyìí. Ẹ kàn kọ páásíwọọ̀dù."

"Mo dé orí sáìtì. Ọmọ ilé kejì bá mi ṣí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ pè ọ́ ní òkun, kí n pè ọ́ ní odò, kí n pè ọ́ ní baba kí n tó lè tọrọ omi. Èmi tí mo pọ̀n ọ́, tí mo nu imú rẹ. Baba ta ni ọ́?"

"Òfin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ò mọ ẹ̀gbọ́n."

Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dùn ún ni. "Ó dáa," ó ní, "màá padà lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí àbúrò mi ní ìkúnlẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ojú á ti ìyá wa níbi tó wà." Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Àgbà lọ́kàn díẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ fẹ́ pè é padà. Ṣùgbọ́n ó rántí àga Mínísítà, ó lọ dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí àwọn mínísítà ṣe ń rìn.

Ọjọ́ ọ̀hún pé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé aṣọ funfun ńlá kan kọ́ sára ògiri, kí gbogbo èèyàn lè máa rí ohun tó ń lọ lórí sáìtì. Rédíò ń gbé gbogbo ẹ̀ jáde ní tààrà, torí Ọ̀gá Àgbà ní kò dáa kí ohùn òun mọ sínú ilé. Àwọn tó wà lórí ìlà níta ń gbọ́, fóònù wọn wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó wà nílé náà ń gbọ́. Olórí Ìjọba jókòó níwájú, ó gbọ́wọ́ lé itan.

Ọ̀gá Àgbà gba makiroofóònù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òkè tí odò ti ń ṣàn wá. Ó sọ bí òun ṣe gba ìlú lọ́wọ́ líǹkì. Ó ní, "Àwọn kan fẹ́ kí ẹ máa wọlé bí ẹni ń wọ ọjà. Mo kọ̀. Kálukú ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún kíkí mi. Ní tèmi, èmi Ọ̀gá Àgbà, bí wọ́n sì ṣe kọ orúkọ mi sórí sáìtì náà nìyẹn, Ọ̀gá Àgbà, mi ò fi nǹkankan kún un. Kíkí mi ti tó mi wọlé."

Oníkọ̀ǹpútà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán, torí Igbákejì ti já makiroofóònù gbà. Ó ti ń retí ọjọ́ yìí. Ó na ọrùn rẹ̀ tí kì í nà, ó sì fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ kígbe, láìfo ìkankan, kí rédíò lè gbọ́ ketekete: "Òkun tí kì í gbẹ, odò tí kì í fà, baba olómi, ẹ ó pẹ́ lórí àga."

Ṣé ẹ ti rí ohun tó ṣe? Ọ̀gá ti sọ orúkọ tó ń jẹ́ lórí sáìtì. Ọ̀gá ti sọ pé kíkí òun ni páásíwọọ̀dù òun. Igbákejì sì ti ka kíkí náà fún gbogbo ìlú. Tí mo bá ní kí n fún olè ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mi ò lè fún un tó bẹ́ẹ̀, kí n tún wá kọ ọ́ lórin.

Ọ̀gá Àgbà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ "òkun", ó wojú Olórí Ìjọba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó tó dé ibi odò, lẹ́tà gàdàgbà hàn lórí aṣọ funfun: *Ọ̀gá Àgbà ti fọwọ́ sí i: omi fún ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.*

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Òmíràn tún hàn: *Ọ̀gá Àgbà ti fọwọ́ sí i: páìpù tuntun fún òpópónà ilé ìwòsàn.* Òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ìka Ọ̀gá Àgbà ṣì wà lókè, kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ọwọ́ yín mà yá o, Ọ̀gá Àgbà," ni Olórí Ìjọba wí.

Ẹni tó gbọ́n ì bá dákẹ́. Ọ̀gá Àgbà ní, "Ẹ̀rọ mọ̀ mí, mà. Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó pàṣẹ." 

*Ọ̀gá Àgbà ti fọwọ́ sí i: kí Igbákejì má fọwọ́ kan makiroofóònù mọ́ láéláé.* Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. *Ọ̀gá Àgbà ti fọwọ́ sí i: lííìfù Akọ̀wé, èyí tí wọ́n jẹ ẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, gbogbo ẹ̀ pátá, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí.*

Ní ìlà ẹ̀yìn, Akọ̀wé ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá. "Ẹ ṣé gan-an, sà," ó wí, ó sì jáde jẹ́jẹ́, ó lọ wo ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí.

Ọ̀gá Àgbà wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó tẹ páásíwọọ̀dù náà tán, ẹ̀rọ ní kì í ṣe èyí. Ó tún un tẹ̀. Kì í ṣe èyí. Oníkọ̀ǹpútà dìde, ó rìn wá sídìí tábìlì.

"Sà, ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú ẹ̀. Ìlú ni. Gbogbo wọn ló ti wọlé pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹnì kan nínú wọn sì ti pààrọ̀ páásíwọọ̀dù náà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níta."

"Lé wọn jáde."

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Mo fi í pamọ́ síbẹ̀ nítorí irú ọjọ́ báyìí. Màá fi líǹkì kan ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn á jáde, ẹ̀yin á wọlé." Ó tẹ nǹkan díẹ̀. "Ó ti dé. Ẹ ṣí ímeèlì yín, sà."

Ó mú fóònù ọ̀gá lórí tábìlì, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà wo fóònù. Ó yí i sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀. Ó wo ìlà ẹ̀yìn níbi tí Akọ̀wé jókòó sí, ó bá àga lófìfo. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, rédíò náà sì ń gbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ sílé fún gbogbo èèyàn.

"Kí ló dé?" ni Olórí Ìjọba bi í.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. "Mà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ímeèlì tí mo ń kọ sí yín ńkọ́? Èsì tó máa ń gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ta ló ń kọ ọ́?"

"Akọ̀wé ni, mà."

Màmá dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "A jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe mínísítà ló gbé báàgì jáde lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹ má pè é padà o, kó kọ́kọ́ lo lííìfù rẹ̀ tán. Ohun tí ìlú sì ti fọwọ́ sí, mi ò ní yí i padà. Ẹ lọ ri páìpù wọn. Ní tiyín, Ọ̀gá Àgbà, kí ẹ wọ orí sáìtì lọ́la, kí ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, bí ìlànà ṣe wí."

"Mi ò lè wọlé, mà."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe òfin fún àwọn tí kò lè wọlé."

Bí Òkun-Tí-Kì-í-Gbẹ ṣe tò sórí ìlà nìyẹn, kí wọ́n lè rí i lé kúrò níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kí i. Nígbà tó kan ojú fèrèsé, òṣìṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ ní, "Ẹlẹ́rìí méjì, ẹ jọ̀ọ́." Igbákejì ń kọjá lọ pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ọ̀gá Àgbà pè é. Igbákejì wò ó látòkè délẹ̀. "Ojú yín jọ ojú tí mo mọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò lè búra." Ó ti ń wá bí wọ́n ṣe ń kí Mínísítà tuntun.

Ọ̀gá Àgbà yíjú sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kí i láràárọ̀, kò sí ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ló gbọ́ tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀ bọ̀.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Adominù ni. Àpá kan wà ní orúnkún rẹ̀ òsì, níbi tó ti ṣubú pẹ̀lú ìkòkò. Ẹ kọ mí sílẹ̀."

"Ó ku ẹnì kan, màmá."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lórí ẹni tó ń gẹ̀. "Ẹ kọ èmi náà. Ìgbà tí mo ti ń rí i nínú ọkọ̀, tó ń ju ọwọ́ sí wa, mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa." Ẹ̀rín gba ìlà náà láti iwájú dé kọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, Ọ̀gá Àgbà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú sì ń tì í bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Sáìtì náà wà síbẹ̀. Líǹkì ni wọ́n ń lò báyìí, Mínísítà ló pàṣẹ ẹ̀ lọ́jọ́ tó ti ìsinmi dé. Àwọn kan ṣì ń kùn pé àwọn fẹ́ràn páásíwọọ̀dù àwọn, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lò ó, kìkì pé kí wọ́n má fi kí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Adominù jókòó nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé kejì ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ímeèlì hàn án, kò sì le tó bó ṣe rò. Líǹkì dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ẹ̀rọ ò pè é ní òkun, kò pè é ní baba. Ó kàn bi í pé kí ló fẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: omi, fún ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, orúnkún ń dùn ún.

Àwọn olómi wá. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri páìpù, wọ́n lọ. Ẹ̀rọ omi inú àgbàlá kọ́kọ́ húkọ́, ó tu afẹ́fẹ́ dànù, lẹ́yìn náà ni omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gbàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó ń fi í bọ́jú, ìgbà díẹ̀ sì wà tí èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ omi ẹ̀rọ àti èyí tó jẹ́ ẹkún.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Adominù wí. "Èmi ni màá gbé e wọlé fún yín."

Ó gbé korobá tó kún dẹ́nu. Ó gbé e rọra, ó gbé e dé ìloro, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀wọlé. Ni korobá bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì omi sì dà sí ilẹ̀ tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ó dúró síbẹ̀, bàtà rẹ̀ ti rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Obìnrin tó kọ̀ láti pè é bẹ́ẹ̀ lórí sáìtì, tó fi ìlà ṣe ilé nítorí ẹ̀, wá fa àkísà yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jù ú sí i.

"Òkun tí kì í gbẹ," ó ní, "wá nu ilé mi."